Sáà Tí Verlin Hatch Fìdí Kalẹ̀

Bí ẹ bá dé ìlú Wexley ní Indiana, tí ẹ sì dárúkọ Verlin Hatch nílé oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, kí kọfí yín tó tutù ni wọn yóò ti máa sọ fún yín nípa bọ́ọ̀lù tó jí. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà kọ́ àwọn ọmọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wexley ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n títí irun rẹ̀ fi funfun, ó jó níbi ìgbéyàwó wọn, ó gbé pósí bàbá wọn, àmọ́ bọ́ọ̀lù tó jí ló gbawájú.

Ọjọ́ tí Wexley ń bá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Corliss gbá ni. Eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Corliss ló wà níwájú, Verlin kò sì sí lórí bẹ́ǹṣì. Ìgbà wo ló tiẹ̀ ń wà níbẹ̀? Etí pápá ló wà, ó tẹ orúnkún, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ mú adìẹ, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn lọ, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn bọ̀, bí ẹni pé òun náà wà lára àwọn tó ń gbá a. Ọmọ Corliss kan ju bọ́ọ̀lù sí ẹnìkejì rẹ̀ létí ìlà. Ẹnìkejì kò rí nǹkan kan gbà. Verlin ti hán an. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti jù ú sí Dewey Lusk, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Dewey sì sáré lọ lóun nìkan, ó jù ú sáwọ̀n.

Hollis Crane ni rẹfirí ọjọ́ náà. Òun náà ló máa ń gẹrun fún Verlin láàárín ọ̀sẹ̀. Ó fọn fèrè títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú.

“Verlin, kí lo ṣe yẹn?”

“Kí lo rí?”

“Mo rí ẹ tó o já bọ́ọ̀lù gbà!”

“Ṣé o rí i pé mo gbá ọmọ yẹn lọ́wọ́?”

“Rárá, ṣùgbọ́n...”

“Kò sí fáùlù níbẹ̀ nìyẹn. Ka ayò náà, jẹ́ ká máa lọ.”

“Verlin, o kì í ṣe ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì! O ti lé ní ọgọ́ta ọdún!”

“Ó dáa, jẹ́ ká pín in. Àmì méjì ni ayò kan. Mú ọ̀kan, fún mi ní ọ̀kan.”

Hollis nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Verlin gbéra, ó ń lọ, ó dúró, ó yíjú padà. “Àbọ̀ ńkọ́?” Àwọn tó wà níbẹ̀ ní nígbà tí Hollis tún máa gbé fèrè sẹ́nu, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè fọn ún mọ́.

Ardith ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, níbi tó máa ń jókòó sí látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ ni kó máa ṣa kóòtù tí Verlin bá bọ́ jù sílẹ̀, kó gbọn eruku rẹ̀ nù, kó gbé e kọ́ apá. Lọ́jọ́ yẹn ó gbé kóòtù tẹ̀ lé e jáde sínú yìnyín.

“Verlin,” ló wí, “o ti di olè báyìí.”

“Olè kẹ̀? Bọ́ọ̀lù wa ni. Ìgbà díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn.”

Ẹ má rò pé orí pápá nìkan ló ti rí bẹ́ẹ̀ o. Ìdí ọkùnrin náà kò gba àga níbikíbi. Ìdúró ló fi ń jẹun, níwájú sítóòfù, tí Ardith á jókòó sídìí tábìlì tí á máa bá ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwàásù kò tíì gbóná tí yóò ti máa yẹ fèrèsé wò bóyá ó tì dáadáa, títí pásítọ̀ fi sọ ọ́ di agbégbá ọrẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe. Kódà ó gbé igbá kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, nítorí ìwàásù gùn. Kò sì sí ohun tí kì í ná. Ó ná iye ọjọ́ tí ó yẹ kí òtútù fi wà lára rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì. Ẹni kan ṣoṣo tó máa ń sọ pé rárá fún un tí ọ̀rọ̀ á sì parí ni Ardith. Kò tíì ṣèlérí fún obìnrin yẹn kó yẹ̀ ẹ́ rí.

Ní ìgbà tí igi ń wọ́wé lọ́dún tó tẹ̀ lé ti bọ́ọ̀lù tó jí, nǹkan yí padà. Wọ́n ń gbaradì fún sáà tuntun. Leland Tibbs, ọmọ gíga kan tí bàbá rẹ̀ ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ló ń mú orí Verlin gbóná, nítorí ó máa ń fò bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

“Fò, Leland! Fò! Ta lò ń bẹ̀? Bọ́ọ̀lù kì í ṣe àna ẹ!”

Ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn ló wà tó fi ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Ẹ wá wo nǹkan: ó ti máa ń ṣubú fún wọn tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń dúró gba kí alátakò kọlu òun, kí rẹfirí lè dá wọn láre. Nítorí náà àwọn ọmọ náà dúró yí i ká, wọ́n ń mi orí. “Ó ti yé wa, Kóòṣì,” ni Leland wí. Dewey ní ìṣubú tòní tiẹ̀ dára ju ti àná lọ. Nígbà tí kò dìde wá sọ pé òun máa tún un ṣe ni ẹ̀rù tó bà wọ́n.

Ọkàn rẹ̀ ló fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ni Glenn Pruitt, tí òun náà ti wà nínú ikọ̀ Wexley rí. Ardith jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di àpò rẹ̀ mú.

“Kóòṣì, ẹ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀,” ni Glenn wí.

“Kò burú. Bí sáà bá parí.”

“Lónìí ni mò ń wí.”

“Jẹ́ ká ṣe Kérésì.”

“Kóòṣì.”

“Glenn, ṣé ohun tí mo fi kọ́ ẹ nìyí? Kéèyàn máa sá nígbà tí eré bá le?”

“Ẹ ò kọ́ mi ní nǹkan kan, Kóòṣì. Ọdún mẹ́rin gbáko lẹ fi mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì.”

“O sì mọ̀ ọ́n jókòó! Mi ò tíì rí irú ẹ.”

Glenn wò ó títí, ẹ̀rín kékeré kan wá sẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó ti ń dúró de ọjọ́ kan. “Ó dáa. Ẹ máa ṣe sáà yìí. Ṣùgbọ́n ẹ máa jókòó. Kò sí ìdìde, kò sí igbe, kò sí ẹsẹ̀ jíjanlẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá dìde nígbà tí eré ń lọ, ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ parí. Ọdún mẹ́rin lẹ fi mí síbẹ̀, Kóòṣì. Ó ti kàn yín.”

Nígbà tí wọ́n dé inú ọkọ̀, Ardith kò ṣíná sí ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí, ó ń wo iwájú.

“Verlin, ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò ní í fi dídùn pe kíkan. Bí o bá kú sórí pápá yẹn lójú mi, mi ò ní lè dárí jì ẹ́, mi ò sì ní lè dárí ji ara mi pé mo jẹ́ kó o lọ. Ṣèlérí fún mi pé o ò ní dìde.”

“Bí a bá wá dé ìdíje àṣekágbá ńkọ́?”

“O ò dé bẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ.”

“Ìyẹn ni mo fi ní kó o gbà. Kò lè pa ẹ́ lára.”

“Rárá.”

“Ó dáa, Ardith. Mo ṣèlérí.” Obìnrin náà wá ṣíná sí ọkọ̀, ṣùgbọ́n omi ti bò ó lójú, ó sì tún pa á.

Bí sáà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò bá wá wo Verlin Hatch lórí bẹ́ǹṣì: ó fi ìdí tẹ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń jẹ ètè. Ardith wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, ó fi ìka méjì kọ́ bẹ́líìtì rẹ̀. Wexley fìdí rẹmi nínú eré àkọ́kọ́. Wọ́n fìdí rẹmi nínú èkejì. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, àwọn ará ìlú ti ń kúrò nílé eré kí wọ́n lè tètè dé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín kí ó tó tán.

Verlin ronú, ó rí ọgbọ́n kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù nílùú kejì, ó gbé àga ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, èyí tó ní táyà kékeré lábẹ́.

“Kí nìyẹn?” ni Ardith bi í.

“Àga ni. Ṣé Glenn kò ní kí n jókòó ni? Ó sọ ibi tí mo máa jókòó sí bí?”

Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó ń yí lọ, ó ń yí bọ̀ létí pápá bí ọba tó ń wo oko. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Àmọ́ ilé eré ìlú náà ti gbó, ilẹ̀ rẹ̀ sì da gẹ̀rẹ̀ sí apá kan. Nígbà tí Dewey sọ bọ́ọ̀lù nù, Verlin fi ìbínú ti ilẹ̀, àga náà sì mú ọ̀nà rẹ̀ pọ̀n. Ó kọjá níwájú àwọn alátakò, ó kọjá níwájú tábìlì àwọn tó ń ka àmì, ó ń juwọ́ sí wọn kí wọ́n má bàa rò pé nǹkan ti bàjẹ́, ó sì lọ kó sáàárín àwọn onífèrè kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n fa orí rẹ̀ yọ lẹ́nu fèrè ńlá kan.

“Mo ṣì jókòó o!” ló kọ́kọ́ ké. Òótọ́ sì ni, ìdí rẹ̀ kò kúrò lórí àga. Ardith gbé àga náà sẹ́yìn bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, wọn kò sì rí i mọ́ láé.

Leland Tibbs ló ṣàlàyé ohun tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n wà nínú yàrá ìmúra, wọ́n tún ti fìdí rẹmi, gbogbo wọn dorí kodò. Leland ní, “Kóòṣì, ẹ má bínú. A ò gbọ́ bàtà yín mọ́ ni.”

“Bàtà wo?”

“Bàtà yín. Bí ẹ bá janlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kálukú wa á di ẹni tirẹ̀ mú. Bí ẹ bá janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ó ya bo ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Bí a ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tí a ti wà níbí nìyẹn.”

Verlin wo Gene Mabry, igbákejì rẹ̀, tó tún ń kọ́ni ní ìtàn, tó tún ń wa bọ́ọ̀sì. Gene gbé èjìká sókè. “Mo rò pé ẹ mọ̀.” Verlin kò mọ̀. Láti ọdún gbọọrọ, ó rò pé ọgbọ́n tí òun ń yà sójú pátákó ni wọ́n ń lò. Inú kọ́kọ́ bí i, lẹ́yìn náà ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Wọ́n ní kí Gene máa bá wọn janlẹ̀. Yéè! Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Gene, àmọ́ bí ẹ̀rù bá ń bà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Eré bẹ̀rẹ̀, àyà Gene já, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń janlẹ̀ bí ẹni ń gúnyán. Àwọn ọmọ náà ya bo ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, wọ́n ya bo ẹni tí kò gbé e, Leland tiẹ̀ ya bo Hollis tó ń ṣe rẹfirí, ó há a mọ́gun, ó gbé apá méjèèjì sókè níwájú rẹ̀.

“Leland,” ni Hollis wí, “mi ò gbé nǹkan kan dání, ọmọ mi.”

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Ardith se adìẹ àti núdùùsì, ó bù ú sórí ọ̀dùnkún gígún, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀ tó ti ń jókòó jẹun báyìí bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́. Ó ní, “Èmi ni màá máa janlẹ̀.”

“Ìwọ?”

“Ọrùn ẹ ni mo ti ń wò látọjọ́ yìí, Verlin. Bí o bá fẹ́ janlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á pọ́n láti kọ́là lọ sókè. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, etí ẹ náà á pọ́n. Lálẹ́ ńkọ́, tó o bá ń gbá bọ́ọ̀lù lójú oorun? Ojúgun mi lò ń janlẹ̀ sí. Tí n kò bá mọ̀ ọ́n, ta ló máa mọ̀ ọ́n?”

Báyìí ni Ardith Hatch wọ bàtà gogoro tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sórí pákó ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì, ó tẹjú mọ́ ọrùn ọkọ rẹ̀. Ọrùn pọ́n, Ardith janlẹ̀, kálukú di ẹni tirẹ̀ mú. Etí pọ́n, Ardith janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ya bo ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù bí oyin. Wexley borí. Wọ́n tún borí. Ilé eré kún títí àwọn èèyàn fi ń jókòó sórí ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn. Kóòṣì Corliss fẹjọ́ sùn pé obìnrin kan ló ń tọ́ ikọ̀ Wexley. Hollis lọ wo Ardith láti orí dé ẹsẹ̀, ó padà wá.

“Obìnrin náà san owó ẹnu ọ̀nà,” ló wí, “inú rẹ̀ ń dùn, ó ń janlẹ̀. Ní Indiana níbí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.”

Ṣé ẹ rò pé Verlin dúpẹ́? Kò sí ọjọ́ tí wọn kì í jà lórí ẹ̀ bí wọ́n bá délé.

“O pẹ́ kí o tó janlẹ̀ nígbà tí ọmọ yẹn yọ sí wa lápá òsì.”

“Ọrùn ẹ ló pẹ́.”

“Ọrùn mi kì í pẹ́!”

“Ọ̀rá pọ̀ níbẹ̀, Verlin. Ẹ̀jẹ̀ ò tètè débẹ̀.”

Lọ́jọ́ kan tí òtútù mú, ó wọ súwẹ́tà ọlọ́rùn gígùn tó bò ó dé àgbọ̀n. Ẹsẹ̀ Ardith dákẹ́, àwọn ọmọ ń wo ara wọn bí àgùntàn, alátakò sì ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n bí ó ṣe wù wọ́n. Ardith kò tilẹ̀ dúró de ìsinmi. Lójú gbogbo ìlú ló ki ọwọ́ bọ ọrùn ọkọ rẹ̀, ó ká súwẹ́tà náà wálẹ̀ bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ilé eré pàtẹ́wọ́. Verlin kò wọ̀ ọ́ mọ́.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí. Látìgbà tí Ardith ti gba iṣẹ́ náà, kò wo bọ́ọ̀lù mọ́. Kò lè wò ó. Ọrùn ló ń wò, láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Bí wọ́n bá ń yọ̀ nílé oúnjẹ pé Dewey ṣe báyìí, Leland ṣe báyìí, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹ ò rí nǹkan,” nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ni kò rí i.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ìdíje àṣekágbá, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé Verlin, nínú ilé eré Wexley, pẹ̀lú Corliss. Yìnyín bo ìta, síbẹ̀ ooru ara èèyàn mú kí fèrèsé máa sunkún. Eré náà le bí ojú ẹja. Corliss síwájú, Wexley bá wọn, Corliss tún síwájú. Ẹsẹ̀ Ardith ti ń ro ó. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí aago parí, Corliss ló fi àmì kan ṣoṣo síwájú, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ wọn. Ó yẹ kí etí Verlin pọ́n bí ata nígbà yẹn. Ardith ń dúró dè é.

Kò pọ́n. Ńṣe ni ọrùn náà funfun, ó funfun bí eérú, òógùn tútù sì yọ lára rẹ̀.

Ardith gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọrùn ọkọ rẹ̀, ó fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. “Verlin, ó ti tó. Dìde, jẹ́ ká máa lọ.”

“O ní n kò gbọdọ̀ dìde.”

“Mi ò bá ẹ ṣeré! Jẹ́ kí n pe Glenn.”

“Glenn wà ní ìlà kẹta, ó ń pariwo ju gbogbo wọn lọ. Ardith, jọ̀ọ́.” Ohùn rẹ̀ kéré, kò sì dún bí ẹni tó ń nájà. “Ẹ̀ẹ̀kan péré yìí. Janlẹ̀ fún mi.”

Rárá wà lẹ́nu Ardith. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Ó ń bẹ Ọlọ́run nínú, ó sì ń bínú sí i pọ̀. Nígbà tó ṣe, kò mọ ohun tó ṣe é, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Leland gbọ́. Wọ́n ya bo ọmọ Corliss náà, Leland fò, ó fò lọ́tẹ̀ yìí bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ó gba bọ́ọ̀lù, ó jù ú sí Dewey. Gbogbo ilé dìde. Ìlà iwájú dìde, àwọn ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì dìde, àwọn onífèrè dìde, Gene Mabry fò sókè tòun ti kámẹ́rà tí wọ́n ní kó fi ya fíìmù eré náà. Nínú gbogbo èèyàn tó wà ní Wexley lọ́jọ́ náà, ẹni méjì ló jókòó. Ìdí àwọn ará ìlú ni Verlin rí, ìdí oríṣiríṣi, àti fèrè ńlá kan. Ardith kò wo ibòmíràn. Ọrùn tó wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, ó ń dúró kí àwọ̀ padà sí i.

Ariwo ta. Pákó mì tìtì.

“Ṣé ó wọlé?” ni Verlin béèrè. “Ardith, ṣé ó wọlé?”

Ardith kò rí i. Ṣùgbọ́n ó mọ ohùn àwọn ará Wexley, ohùn ayọ̀ sì ni. “Ó wọlé,” ló wí. “Ó wọlé, Verlin.”

Àwọ̀ padà díẹ̀díẹ̀ sí ọrùn náà. Ìgbà yẹn ni Ardith tó bú sẹ́kún.

Àṣà wọn ni pé kí àwọn tó bá borí gé àwọ̀n sọ̀ kalẹ̀, kí kóòṣì sì gé okùn tó kù sẹ́yìn. Eré ti parí, Verlin lẹ́tọ̀ọ́ láti dìde, àmọ́ Glenn ti dé, ó ní kò gbọdọ̀ gun àkàbà. Leland Tibbs kò jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Òun àti àwọn mẹ́ta gbé àga kan wá, wọ́n gbé ọkùnrin náà lé e, wọ́n gbé e lé èjìká tàga-tàga títí ọwọ́ rẹ̀ fi tó àwọ̀n. Ó di àlùmọ́gàjí mú lókè níbẹ̀, ojú rẹ̀ ń wá ìyàwó rẹ̀ láàárín èrò.

“Ardith! Wò ó dáadáa o! Mo ṣì jókòó!”

Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ wo fíìmù Gene, wọ́n rí i pé ó ya gbogbo eré náà dáadáa àfi ìgbẹ̀yìn. Bí Dewey ṣe gbé bọ́ọ̀lù sókè báyìí ni gílóòbù òrùlé yọ. Gílóòbù náà hàn kedere.

Nítorí náà Ardith ló wá di fíìmù. Verlin fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jọ sọ, ó jókòó sí ìta ilé wọn lórí àga, ó sì ń ní kó sọ bọ́ọ̀lù náà fún òun. Láàárọ̀ á sọ ọ́, lọ́sàn-án á sọ ọ́. Kí lobìnrin tí kò rí nǹkan á sọ? Ó gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu Dewey, ó fi tirẹ̀ kún un. Ó ní bọ́ọ̀lù náà lọ sókè, ó ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó bà lé òrùka irin, ó sì yí i ká.

“Ẹ̀ẹ̀melòó?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì.”

“Mo rò pé ó máa tó ẹ̀ẹ̀mẹta.”

“Méjì ni mo rí, Verlin.”

“Jẹ́ kó jẹ́ méjì àbọ̀.”

“Rárá. Méjì.”

Kí wọ́n tó kórè àgbàdo lọ́dún yẹn, Verlin Hatch ti lọ. Oorun ló bá lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́, kò bá ẹnikẹ́ni ná an. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán kan ṣáájú ìgbà náà, àwọn méjèèjì jókòó síta, wọ́n ń bó ẹ̀wà tútù, Ardith sì ń sọ ọ́ lọ. Ó ti dé ibi òrùka irin.

“Ardith,” ni Verlin wí, “o ò rí bọ́ọ̀lù yẹn.”

Ọwọ́ Ardith dúró nínú ẹ̀wà.

“Ọwọ́ ẹ méjèèjì wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ń gbọ́ èémí ẹ. Mo mọ ibi tí ojú ẹ wà.”

“Látìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ yẹn.”

“O wá ń jẹ́ kí n máa parọ́ bí ọmọdé látọjọ́ yìí? Inú ò bí ẹ?”

“Inú kẹ̀?” Ó yọ ẹ̀wà kan, ó jù ú sínú abọ́. “Gbogbo ẹni tó wà nílé yẹn ló ń wo bọ́ọ̀lù, Ardith. Ìwọ nìkan lò ń wò mí.”

Ardith fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó sún àga rẹ̀ mọ́ ti ọkọ rẹ̀ títí apá wọn fi kan ara wọn.

“Ó yá, máa sọ ọ́ lọ,” ni Verlin wí. “Ẹ̀ẹ̀melòó lo ní ó yí i ká?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta,” ni Ardith wí.

Verlin ti lanu láti ná an. Ó pa á dé, ó gbọ́ ìyókù.